Ẹ Bi Wá: Olè Wọ Àdúgbò, Ta Ni Ká Ké Sí?

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń bèèrè ohun kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: ibo ni agbára àdúgbò dé lórí ọ̀daràn, ibo ni ti ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, kí ló sì dé tí ilẹ̀ kan kò fi rí i bí ilẹ̀ kejì ṣe rí i? A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa ní Akóbọ̀, Ìbàdàn. Àwọn ọlọ́dẹ wa mú ọmọkùnrin kan ní aago 3 òru, ó ru jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, kò sì lè sọ ẹni tó ni ín. A tì í mọ́ yàrá àwọn ọlọ́dẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ nà án, wọ́n fá irun orí rẹ̀, a ní kó gbá gọ́tà, a sì lé e lọ. Alága ní a ṣe dáadáa, pé bí a bá mú un lọ sí tẹ́ṣàn, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́yà kan ládùúgbò ní àwa gan-an la rúfin. Ta ló tọ̀nà?

Lọ́yà ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọlọ́dẹ yín rò pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló burú, torí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ bófin mu. Ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá lè mú ẹni tó ń ṣẹ̀ lójú rẹ̀. Ó wà nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì ní tiwọn tó jọ ọ́. Èkó ló ṣíwájú, ní 2007. Òfin kan náà ló ní kí ẹni tó mú afurasí fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ti yà bàrá. Títì tí ẹ tì í mọ́lé di ìtìmọ́lé tí kò bófin mu, nínà tí wọ́n nà án di ìlùni, gọ́tà tó gbá sì di ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ kankan kò dá. Bó bá lọ bá lọ́yà lónìí, ọ̀dọ̀ yín ni ìwé ìpẹ̀jọ́ yóò wá, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tí ẹ ó fi hàn pé ó jalè.

Àkọsílẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ya ọ̀kan jáde, kí ẹ sì so báírò mọ́ ọn ní géètì. Bí wọ́n bá mú ènìyàn, ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni kó sọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ẹ kọ ọ́: aago tó lù, ibi tó dúró sí, bóyá iná wà níbẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni náà. “Mo rí i tó gbé jẹnẹrétọ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilé kẹrin” wúlò nílé ẹjọ́. “Mo mọ̀ pé olè ni” kò wúlò. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára jẹnẹrétọ̀ náà. Ẹ wo ara afurasí pẹ̀lú. Bí wáyà orí fẹ́ǹsì bá ti fà á lápá ya kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, torí ọgbẹ́ tí ẹ kò bá kọ, ẹ̀yin ni wọ́n máa sọ pé ẹ dá a sí i lára. Fọ́tò yẹn kì í ṣe ti WhatsApp o. Ẹni tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi, tí ẹ pè ní olè fún gbogbo ayé, lè pè yín lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́.

Ẹni méjì ni kó mú un lọ sí tẹ́ṣàn, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó rí i. Alága tó jí dé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ wọn, kí ẹ gba orúkọ ọlọ́pàá tó gbà á lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì kọ aago yẹn sínú ìwé tiyín. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ yọjú pẹ̀lú rìsíìtì tàbí àmì tó fi mọ ohun ìní rẹ̀. Kó bèèrè lọ́jọ́ náà gan-an pé kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun fọwọ́ síwèé gbà á padà títí di ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá fẹ́ rí i. Bí kò bá bèèrè, ìta tẹ́ṣàn ni yóò dípẹtà sí.

Ní ti “wọ́n á fi í sílẹ̀”, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ gbé kóbókò. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 1 bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, láàárín ọjọ́ 2 bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí ilé ẹjọ́ bá rí ìdí tó fi yẹ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí ìwádìí kò bá tíì parí, béèlì ló kù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i nígboro lọ́jọ́ kẹta, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan gba rìbá, ó sì lè jẹ́ pé òfin ni wọ́n tẹ̀ lé. Béèlì kò pa ẹjọ́. Ohun tó ń pa irú ẹjọ́ yìí jù ni pé májísíréètì pe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí kò wá, ó tún ọjọ́ dá, ẹlẹ́rìí tún kò wá, ó sì da ẹjọ́ nù. Ọlọ́dẹ tó ń gba owó oṣù kékeré kò ní fi owó ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí kóòtù nígbà mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ onílé ya owó ọkọ̀ ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ nínú owó àdúgbò, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ti ọgọ́rùn-ún pàṣán lọ. Ìjẹ́wọ́ tí a fi ìyà gbà lẹ́nu afurasí, ilé ẹjọ́ kì í gbà á. Ẹni tó nà án ló ń ba ẹjọ́ náà jẹ́ fún olóhun.

Ibi tí nínà “díẹ̀” ń já sí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní 5 Oṣù Kẹwàá 2012, ní Aluu ní Ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n pariwo olè lé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin lórí, èrò sì pa wọ́n ní gbangba. Ní 2017 ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ẹni 3 lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 27 Oṣù Kẹta 2025, ní Uromi ní Ìpínlẹ̀ Edo, àwọn fijilanté dá ọkọ̀ àwọn ọdẹ tó ń rè sílé ní Kánò dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ajínigbé ni wọ́n, ó kéré tán ẹni 16 kú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, Ahmaud Arbery, ọmọ ọdún 25, ń sáré ìdárayá ní ọ̀sán gangan ní 23 Oṣù Kejì 2020. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun mẹ́ta fi ọkọ̀ lé e pé olè ni, ọ̀kan yìnbọn pa á. Òfin tó gba ará ìlú láyè láti mú ọ̀daràn, èyí tó ti wà ní ìpínlẹ̀ náà láti 1863, ni wọ́n fi gbèjà ara wọn. Ní 2021 ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi, ọdún yẹn kan náà sì ni Georgia pa òfin náà rẹ́. Tiwa ṣì wà. Ẹ lò ó bó ṣe yẹ kí wọ́n má bàa gbà á lọ́wọ́ wa.

Àbúrò mi wà ní Tokyo. Ó rí pọ́ọ̀sì tówó wà nínú rẹ̀ lójú títì, ó ní òun mú un lọ fún ọlọ́pàá. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí àwọn kan ń sáré tọ ọlọ́pàá lọ, tí àwa ń sá fún wọn? Ṣé ìwà wa ni? — Ìkòròdú.

Ìwà kọ́. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí níbi tí àbúrò yín wà ná. Ọlọ́pàá Japan ní ilé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kōban, ó ju 6,000 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, púpọ̀ nínú wọn sì wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Yàrá kan ni, tábìlì kan, àwòrán ọ̀nà àdúgbò lára ògiri, ọlọ́pàá méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó sọnù ń yà síbẹ̀ bèèrè ọ̀nà. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ a máa kan ilẹ̀kùn kiri, wọ́n á bèèrè ẹni tó ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ní ti pọ́ọ̀sì, òfin ní kí olóhun fún ẹni tó rí i ní ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀, bí olóhun kò bá sì yọjú láàárín oṣù 3, ó lè di ti ẹni tó rí i. Nítorí náà òótọ́ inú àbúrò yín ní owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń yin Japan yí i wò lẹ́yìn. Wọ́n lè há afurasí mọ́lé títí di ọjọ́ 23 kí wọ́n tó kọ ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn, ẹni tí wọ́n bá sì gbé dé ilé ẹjọ́, ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀ ti ń pariwo tipẹ́ pé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún jáde lẹ́nu ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀. Tiwa tí a ń bú yìí, lórí ìwé ó kéré tán, fún afurasí lẹ́tọ̀ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí a fi ń sá fún ọlọ́pàá wà nínú bí wọ́n ṣe dé. Nígbà tí Robert Peel dá ọlọ́pàá London sílẹ̀ ní 1829, aṣọ búlúù ni wọ́n wọ̀ fún wọn, wọn kò wọ pupa, kí wọ́n má bàa jọ sójà, síbẹ̀ àwọn ará London bú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ara tó mọ́ ọn. Ní Èkó, ọdún 1861 tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ni wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ jọ, Haúsá tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí kò ní ìyekan níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́, kó má bàa fojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Àwọn akọ́dà wá tún wà lábẹ́ ọba àti ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń gba owó orí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹni tó wọ aṣọ ìjọba kì í wá sílé ẹni láti bèèrè àlàáfíà. SARS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 wá fi iyọ̀ sójú egbò, títí ìwọ́de Oṣù Kẹwàá 2020 fi mú kí ìjọba tú u ká.

Ohun tí a ní tẹ́lẹ̀ nìyí: baálé agbo ilé ló ń dáhùn fún ọmọ agbo ilé rẹ̀. Bí ẹnìkan bá jalè, gbogbo ilé ló ń dá owó ìtanràn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń ṣọ́ ara wọn. Ìtìjú náà wà. Ní agbègbè Kétu ní Orílẹ̀-èdè Benin àti láàárín àwọn Yewa, òru ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dé ni olórin fi máa ń tú àṣírí ẹni tó bàlú jẹ́ lójú gbogbo ayé, ẹni tí wọ́n sì kọrin mọ́ kò lè bínú. Àwọn baba wa tó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ibi tí olóhun àti olè yóò máa pàdé lódò lọ́la ni wọ́n ń gbé. Ní ẹ́sítéètì tí ẹ kò ti mọ orúkọ ẹni tó ń gbé kọjú sí yín, àfi ọkọ̀ rẹ̀, okùn yẹn ti já. Fífá irun lórí kò ní dójú ti àlejò tí yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù ní ìdájí.

Mo ń dáko ní ìta Ìgbọ̀ọ̀rà. Wọ́n ń wa pákí mi, wọ́n ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fi àálẹ̀ kọ́, ọmọ mi tó wà ní pólì ní ìwà ayé àtijọ́ ni, pé ó tún lè kó mi sí wàhálà òfin. Ṣé òótọ́ ni?

Àálẹ̀ lásán kò ní kó yín sí wàhálà. Ìkarahun ìgbín, ṣúkù àgbàdo tí wọ́n ti jẹ hóró rẹ̀ tán, àkísà pupa, bàtà tó ti gbó: ẹni tó bá kọ́ wọn sí ẹnu ọ̀nà oko ń kìlọ̀ ni, ìkìlọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí òfin kọ̀ ni oògùn tí wọ́n ṣe láti fi ṣe ènìyàn léṣe, àti kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n fura sí ní nǹkan mu kí wọ́n fi mọ̀ bóyá òun ló jalè. Ìyẹn wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà láti ayé àwọn òyìnbó. Èyí tó burú jù lọ lóde òní ni ìbọn tí àwọn kan ń dẹ sílẹ̀, tàbí wáyà iná mànàmáná tí wọ́n ń tẹ́ yí oko ká. Ọmọdé tó wá ṣẹ́gi ni yóò kọ́kọ́ pa, ẹ̀yin ni wọ́n máa kó fún ìpànìyàn.

Ọmọ yín tọ̀nà lórí ohun kan. Ẹni tó mọ àálẹ̀ ni àálẹ̀ ń bà lẹ́rù. Ìdí kan náà ló mú kí a lè kó igi ìdáná sẹ́bàá ọ̀nà láyé àtijọ́, ká fi òkúta mẹ́ta lé e láti sọ iye rẹ̀, ká sì bá owó níbẹ̀ nírọ̀lẹ́: gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ olóhun. Olè tó gbé ọ̀kadà wá láti ibòmíràn ní òru, tí kò tilẹ̀ tan iná, kò rí ṣúkù yín.

Ohun tí a rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ju kíkọ́ àálẹ̀ lọ ni pé kí ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn tó ń ra pákí. Pákí kì í ṣeé pa mọ́. Láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3 tí wọ́n bá wà á, ó ti ń dúdú nínú, nítorí náà olè gbọ́dọ̀ tètè rí oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ pe àwọn oní-gàrí àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó o, kí wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ní ra pákí tó dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, àti pé ẹni tí wọn kò mọ oko rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Ẹ jọ kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹ fún Àmọ̀tẹ́kùn tó wà nítòsí ní àwòrán àwọn ọ̀nà ọ̀kadà tó wọ oko; wọn kò lè ṣọ́ gbogbo oko, wọ́n lè ṣọ́ oríta méjì.

Mo ń kọ̀wé láti Peckham, London. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lù ú. Àwọn àgbà nílé pè wá lórí fóònù, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ pe ọlọ́pàá, pé wọ́n á bá wọn yanjú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á nítorí físà ọkọ rẹ̀ ló fi wọ ìlú yìí. Kí la ṣe?

Ẹ pe ọlọ́pàá. Àgbà lè làjà owó oúnjẹ, wọ́n lè làjà ọ̀rọ̀ àna àti ẹni tó ń pẹ́ wọlé. Wọn kò lè wà ní Ìbàdàn kí wọ́n di ọwọ́ ẹni tó ń lu ènìyàn mú ní Peckham. Bí ewu bá wà lọ́wọ́lọ́wọ́, 999 ni. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ nítorí ọkọ wà nítòsí, kó fi fóònù alágbèéká pè é, kó gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, kó sì tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá. Bí kò bá sọ̀rọ̀ tí kò sì tẹ nǹkan kan, wọ́n lè gé e. 55 yẹn kò sọ ibi tó wà fún wọn o, nítorí náà kó gbìyànjú láti sọ àdírẹ́sì bó bá ráyè, kódà ní ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ohun tó máa ya àwọn àgbà yín lẹ́nu ni pé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín mọ́ bó bá ti dé ọwọ́ ìjọba. Nílé, ẹbí lè lọ sí tẹ́ṣàn kí wọ́n ní “a ti yanjú rẹ̀, a fẹ́ gba ìwé wa padà”. Lọ́hùn-ún, agbẹjọ́rò ìjọba ló ń pinnu bóyá ẹjọ́ yóò lọ síwájú, ó sì lè tẹ̀ síwájú bí ẹ̀gbọ́n yín bá tilẹ̀ ní òun ti dárí jì í. Ẹ sọ èyí fún un kó tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá náà lè ní kí ọkọ kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè fi kún un. Ẹnikẹ́ni kò ní gba owó béèlì lọ́wọ́ yín, ẹ má sì gbìyànjú láti fún ọlọ́pàá ní nǹkan kan. Ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ni.

Ní ti físà, ẹni tó wọ̀lú lórí físà ọkọ tàbí aya, tí ìgbéyàwó sì tú nítorí lílù, lè bèèrè ìyọ̀ǹda pàtàkì oṣù 3 tó fún un láyè láti gba ìrànlọ́wọ́ owó àti ilé nígbà tó bá ń tún ìwé rẹ̀ ṣe. Kó bá agbẹjọ́rò ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kó tó kọ nǹkan kan sórí fọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù ni 0808 2000 247, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Kó kó páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìbí àwọn ọmọ síbi tí ọkọ kò mọ̀, lónìí.

Fijilanté tí a gbà sí àdúgbò wa ti sọ owó wọn di ìlọ́po méjì láì bi wá, ẹni tí kò bá san, wọn kì í ṣí géètì fún un. Wọ́n sì gbé ìbọn. — Agége.

Ẹ tètè dá a dúró. Ní Rio de Janeiro, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní milícia, tí ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì àti panápaná wà nínú wọn, sọ pé àwọn wá gba àdúgbò lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò oògùn olóró. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣèwádìí wọn ní 2008, wọ́n ti ń gba owó lórí gáàsì ìdáná, lórí ọkọ̀ akérò, lórí wáyà tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n jí so. Owó ààbò tí kò ní ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ àdéhùn: orúkọ àti fọ́tò ẹni kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì, onídùúró méjì, iye owó, ìgbà tí wọ́n lè bèèrè àfikún, àti pé ẹgbẹ́ onílé ló lè dá wọn dúró. Akápò ẹgbẹ́ ni kó máa gba owó, kó sì fún onílé ní rìsíìtì. Ọlọ́dẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan an lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ẹ̀dà àdéhùn náà lọ fún DPO àti fún àjọ ààbò àdúgbò Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ti ìbọn, ìbọn ìbílẹ̀ pàápàá nílò ìwé àṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Bí kò bá sí, ẹ má bá wọn jiyàn ní géètì lóru, ẹ lọ sọ fún DPO ní ojúmọmọ, kí ẹ pọ̀ lọ.

Olùkọ́ wa ní Ifẹ̀ ní wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ìpakúpa Rwanda lábẹ́ igi. Ṣé ààfin ọba wa náà lè gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn?

Wọ́n gbọ́ ọ lóòótọ́. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lé ní 100,000, ilé ẹjọ́ kò sì lè gbọ́ tiwọn tán láyé. Wọ́n gbé gacaca, ìjókòó àwọn àgbà abúlé, wọ inú òfin ní 2001: nǹkan bí ilé ẹjọ́ 12,000, onídàájọ́ tí àwọn ará ìlú yàn tí wọn kò sanwó fún, ẹjọ́ tó súnmọ́ mílíọ̀nù 2 kí wọ́n tó tì í ní 2012. Ó yá, ó sì ṣojú àwọn tí ọ̀ràn kàn. Ṣùgbọ́n afurasí kò ní lọ́yà, àwọn kan fi gbẹ̀san ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọn kò sì gbọ́ ẹjọ́ àwọn sójà tó ṣẹ́gun níbẹ̀. Èyí tó wù wá ju gacaca lọ ni ti New Zealand: láti 1989, ọmọdé tó bá jalè máa ń jókòó pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ẹni tó jí lóhun àti ọlọ́pàá, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Māori, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí yóò san tàbí iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí di kíkọ sílẹ̀, ẹnìkan ní ọ́fíìsì ìjọba sì ń tẹ̀ lé e.

Nílé wa, ààfin lè parí ìjà, gbèsè, ààlà ilẹ̀. Kò lè dáni lẹ́bi ọ̀daràn. Ìwé òfin ní ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Lórí ìpìlẹ̀ yẹn ni ilé ẹjọ́ gíga ṣe fagi lé ìdájọ́ tí kóòtù ìbílẹ̀ fi dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè, nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ní 1961. Ẹni tó bá sì gba owó láti bo ọ̀ràn ńlá bí ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìdigunjalè mọ́lẹ̀ ti dá ọ̀ràn tirẹ̀, ìbáà jẹ́ baálẹ̀.

Wọ́n wá ọmọ mi ọkùnrin wá sílé, wọn kò bá a, wọ́n mú mi dípò rẹ̀, wọ́n ní kí n san owó béèlì. Wọ́n tún ní obìnrin kò lè dúró fún mi. — Ọ̀ṣogbo.

Irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Mà. Òfin 2015 tí a mẹ́nu bà lókè ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò afurasí. Béèlì tẹ́ṣàn ọ̀fẹ́ ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tiwọn fúnra wọn. Òfin náà sì ní wọn kò lè kọ onídùúró torí pé obìnrin ni. Ẹni tó bá lọ gbà yín gbọ́dọ̀ mú káàdì ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí ibi tó ń gbé lọ́wọ́, kó bèèrè fọ́ọ̀mù béèlì, kó kà á tán kó tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá bèèrè owó, kó ní kí wọ́n kọ rìsíìtì. Bí wọn kò bá kọ, kó gba orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà wọn, kó lọ bá DPO lójú ẹsẹ̀. Bí DPO bá wà nínú rẹ̀, kó kọ̀wé sí kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ti ìjọba, kó sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.